Irà píìtì tàbí igbó ìbílẹ̀: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún àtúnṣe ilẹ̀ ní Scotland

Ẹgbẹ́ àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òkè kan ní Scotland, onílẹ̀ tí kò fẹ́ da àgùntàn sórí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹni tó kàn ní owó díẹ̀ tó fẹ́ fi ti iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ lẹ́yìn: ìbéèrè kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn. Ṣé irà ni kí a tún ṣe ni, àbí igbó? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì ń sọ pé tiwọn dára fún ẹyẹ, fún ẹranko àti fún ojú ọjọ́, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Ibi tí wàhálà wà ni pé igi tó jẹ́ ìbùkún ní ẹ̀gbẹ́ òkè lè di ìparun bí a bá gbìn ín sórí irà tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí irà yìí jẹ́, nítorí ẹni tó bá wò ó lóréfèé kò lè mọ iyì rẹ̀. Píìtì ni ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó jẹ́ kìkì ewéko tó kú sínú omi tí kò jẹrà tán. Ewéko kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sphagnum ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó o jọ. Ó máa ń fa omi sára bíi kànrìnkàn, omi náà kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá wọ̀, ìjẹrà a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kábọ́ọ̀nù tí ewéko náà gbà nígbà ayé rẹ̀ a sì jókòó síbẹ̀. Nǹkan bíi mìlímítà kan péré ni píìtì fi ń ga sí i lọ́dún, nítorí náà bí ẹ bá rí èyí tó jìn tó mítà kan, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti ń kóra jọ. Nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé ni irà píìtì, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ju ti gbogbo igi inú igbó ayé lápapọ̀ lọ.

Ní Scotland, ilẹ̀ píìtì ju ìdá kan nínú márùn-ún orílẹ̀-èdè náà lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ti bàjẹ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò sí i, wọ́n dáná sun ún, wọ́n da àgùntàn sí i, wọ́n jẹ́ kí àgbọ̀nrín pọ̀ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì gbin igi ilẹ̀ òkèèrè sí i. Igbó ìbílẹ̀ náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìjọba tó jáde ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí ìdá 4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Scotland ni igbó ìbílẹ̀ ṣẹ́ kù sí, igbó Scots pine àtijọ́ sì kù sí ojú ibi 84 tí a kọ sílẹ̀ lórí ìwé. Ọgbẹ́ wà lára méjèèjì. Èwo ni ilẹ̀ tó wà níwájú yín nílò? Ìyẹn ni ohun tí ìfiwéra yìí fẹ́ dáhùn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ìjìnlẹ̀ píìtì ló ṣáájú, kò sì sí ohun tó tó o. Ìlànà iṣẹ́ igbó ti ilẹ̀ Britain lápapọ̀, UK Forestry Standard, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbin igbó tuntun sórí píìtì tó bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé 49 ti dára nìyẹn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde láti Scotland níbi tí wọ́n ti yẹ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbin igi birch àti Scots pine sí wò. Ilẹ̀ heather, igi wẹ́wẹ́ kúkúrú tó ń bo orí òkè, ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, kábọ́ọ̀nù sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 39 pàápàá, bí wọ́n bá ro ti igi pọ̀ mọ́ ti inú ilẹ̀, kábọ́ọ̀nù ibẹ̀ kò ju ti ibi tí wọn kò gbin nǹkan kan sí lọ. Gbòǹgbò àti olú tó wà lára rẹ̀ ló jí ilẹ̀ tó ti ń sùn. Ohun tí igi ń kó sára lókè, ilẹ̀ ń tú u sílẹ̀ nísàlẹ̀. Igi náà rẹwà lójú, ó sì lè wúlò fún ẹyẹ, àmọ́ ẹni tó gbìn ín nítorí ojú ọjọ́ kò rí ohun tó wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí ilẹ̀ náà ń pàdánù lónìí. Irà tó ti gbẹ ń tú kábọ́ọ̀nù jáde lójoojúmọ́, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè tí koríko bò tí kò sí píìtì lábẹ́ rẹ̀ kò ní irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Mo tún wo owó, mo wo bí ó ṣe dájú tó pé iṣẹ́ náà yóò yọrí, mo sì wo irú ẹ̀dá tó ń dúró de ibùgbé. Ẹyẹ irà àti ẹyẹ igbó kì í gbé pọ̀, nítorí náà ẹ kò lè fi hẹ́kítà kan náà tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ọ̀nà kìíní: dídí kòtò lórí irà tó ti gbẹ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fún àwọn àgbẹ̀ lówó láti gbẹ́ kòtò tóóró sórí òkè, kí omi lè ṣàn kúrò kí àgùntàn lè rí koríko tó dára jù jẹ. Koríko náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára sí i, ṣùgbọ́n irà gbẹ. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: katapílà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kó má bàa rì, máa ń bu píìtì tútù láti ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó sì ń fi dí i ní mítà mélòó kan síra. Níbi tí kòtò bá jìn, wọ́n ń fi pákó tàbí ike ṣe ìdí rẹ̀. Omi a dúró, a gòkè padà títí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ojú ilẹ̀, sphagnum a sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.

Nínú gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ni mo gbọ́kàn lé jù. Owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì fún hẹ́kítà kan, ìjọba Scotland sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti inú ètò Peatland ACTION tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ní 2020, ìjọba náà ṣèlérí £250 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú àfojúsùn hẹ́kítà 250,000 kí 2030 tó parí. Èrè rẹ̀ fún ojú ọjọ́ kì í pẹ́, nítorí dídá ìpàdánù dúró ni, kì í ṣe dídúró de ohun tí yóò dàgbà. Ìṣòro gidi kan wà níbẹ̀ ṣá: àwọn tó lè ṣe é kò pọ̀, oṣù iṣẹ́ sì kéré, nítorí láti bí April títí dé August ni àwọn ẹyẹ ń yé lórí ilẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ dé ibẹ̀ nígbà náà.

Àwọn kan máa ń fi methane bẹ̀rù. Òótọ́ ni pé irà tó bá tutù ń tú gáàsì yẹn jáde, ó sì lè pọ̀ sí i ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá dí kòtò. Ṣùgbọ́n methane kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Nǹkan bí ọdún 12 ni ó ń lò níbẹ̀, nígbà tí gáàsì kábọ́ọ̀nù tí irà gbígbẹ ń tú jáde ń kóra jọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá ń sún iṣẹ́ síwájú nítorí ìbẹ̀rù methane ń mú kí gbèsè tó tóbi jù máa ga sí i.

Àwọn ẹ̀dá tó ń jàǹfààní níbí ni golden plover, dunlin àti greenshank, àwọn ẹyẹ tó nílò gbangba tó tutù, àti lámilámi, àti ewéko sundew tó ń fi ewé aláàtẹ̀ rẹ̀ mú kòkòrò jẹ. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ igbó kìjikìji, ó lè dà bíi pé kò sí ohunkóhun lórí irà. Kó tẹ̀ba wò ó níṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan nípa irà tí ojú rẹ̀ ti hó pátápátá, tí píìtì dúdú wà ní ìhòòhò, tí òjò àti ìjì ń gbé e lọ. Ibẹ̀ ni ìpàdánù ti pọ̀ jù lọ lórí hẹ́kítà kan, ibẹ̀ náà sì ni àtúnṣe ti wọ́n jù. Ẹ wo Peak District ní England, níbi tí èéfín ilé iṣẹ́ ti pa sphagnum láti ìgbà pípẹ́ wá. Láti 2003 ni ètò àtúnṣe irà kan, Moors for the Future, ti ń bá a yí níbẹ̀: hẹlikópítà ló ń gbé òkúta, èérún heather, irúgbìn koríko àti ẹfun ìdẹ̀lẹ̀ lọ sókè, kí ewéko tó lè rí ibi dì mú. Bí irú ilẹ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ má sì rò pé ẹ lè dá a ṣe láìsí ìrànwọ́ ńlá.

Ọ̀nà kejì: gígé igi àjèjì kúrò lórí píìtì

Ní àríwá pátápátá, ní Caithness àti Sutherland, ni Flow Country wà, irà tó fẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà níbùú lóòró, tí UNESCO kọ apá rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní ayé ní 2024. Láàárín 1970 sí 1988, àwọn olówó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ tí wọn kò tilẹ̀ dé rí, nítorí òfin ń jẹ́ kí wọ́n yọ owó gbíngbin igi kúrò nínú owó orí wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ túlẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n gbin Sitka spruce àti lodgepole pine tó ti Amẹ́ríkà wá. Ìṣúnná owó ìjọba ti 1988 ló fòpin sí àǹfààní náà. Àwọn igi kò tilẹ̀ ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn rán.

Ìpalára wọn kò mọ sí ibi tí wọ́n dúró sí. Ìwádìí ní Flow Country fi hàn pé dunlin àti golden plover ń yẹra fún ilẹ̀ tó bá wà ní nǹkan bí 700 mítà sí etí oko igi. Nítorí náà, oko kékeré kan tó wà láàárín irà lè lé ẹyẹ kúrò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì. Gígé irú oko bẹ́ẹ̀ ń dá ilẹ̀ púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí sì ni àǹfààní tí àwọn tó ń ṣírò iye hẹ́kítà nìkan kì í rí.

Ó wọ́n o, kò sì yá. Gígé igi nìkan kò tó: kùkùté wà níbẹ̀, poro tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ wà níbẹ̀, ẹ̀ka tó ń jẹrà wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti yí kùkùté dorí kodò, tí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì dí poro, omi máa ń tètè padà ju ibi tí wọ́n kàn gé igi sílẹ̀ lọ. Ọmọ Sitka yóò tún máa hù, ẹ óò sì máa padà wá fà wọ́n tu. Àwọn tó wọn gáàsì tó ń wọlé tó ń jáde ní Forsinard nínú Flow Country, níbi tí RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1995, rí i pé ibi tí wọ́n ti gé igi ní ọdún 10 ṣáájú ṣì ń tú kábọ́ọ̀nù sílẹ̀, nígbà tí èyí tó ti tó ọdún 16 ti ń gbà á wọlé. Ẹni tí kò bá lè fara da ìdúró bẹ́ẹ̀ kó má dá a láṣà.

Ó máa ń ṣòro láti ṣàlàyé fún aládùúgbò pé igi ni a ń gé nítorí ojú ọjọ́. Ẹ ṣe àlàyé náà síbẹ̀, kí katapílà tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: jíjẹ́ kí igbó hù fúnra rẹ̀

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí píìtì jíjìn ká gun ẹ̀gbẹ́ òkè, ibi tí omi ti ń ṣàn lọ tí òkúta sì wà nísàlẹ̀. Bí igi ìbílẹ̀ kan bá ṣì dúró nítòsí, irúgbìn wà. Atẹ́gùn ń gbé ti birch àti pine, ẹyẹ ń gbé ti rowan, ẹyẹ jay ń ri ti oak mọ́lẹ̀ tó sì ń gbàgbé. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n dàgbà ni ẹnu àgbọ̀nrín àti ti àgùntàn. Ìkookò tó ń pa àgbọ̀nrín jẹ láyé àtijọ́ ti kú tán ní Scotland, àwọn olówó tó ń sọdẹ fún ìgbádùn sì fẹ́ kí àgbọ̀nrín pọ̀.

Òkè Creag Meagaidh ni àpẹẹrẹ tó dá mi lójú jù. Ní 1985, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò ìṣẹ̀dá ra á lẹ́yìn tí ẹnì kan fẹ́ fi spruce kún ibẹ̀. Wọn kò mọ ọgbà yí i ká, wọ́n dín àgbọ̀nrín kù ni. Birch tó ti ń dúró lábẹ́ koríko láti ọdún pípẹ́ nà sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní Glen Feshie, níbi tí ọmọ pine ti kún etí odò báyìí.

Ẹni tó bá gbọ́ pé igi ń hù fúnra rẹ̀ lè rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ọdẹ ni ẹ óò máa san, lọ́dọọdún, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀nrín kò sì mọ ààlà: bí aládùúgbò yín bá fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀, tiyín ni wọn yóò wá jẹ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbà, wáyà ló kù, wáyà sì ní ẹ̀bi tirẹ̀, nítorí àwọn ẹyẹ capercaillie àti black grouse ń fò lu ú wọ́n sì ń kú. Nínú kíka ẹyẹ ti 2021 sí 2022, capercaillie tí wọ́n fojú bù pé ó kù ní gbogbo Scotland jẹ́ 542. Níbi tí ẹyẹ yìí bá wà, wáyà tí kò ní àmì tó hàn kedere lára kò yẹ kó dúró rárá.

Síbẹ̀, èyí ni mo fẹ́ ju gbíngbin lọ, níbikíbi tó bá ṣeé ṣe. Igi tó yan ibi tó hù sí máa ń bá ilẹ̀ rẹ̀ mu, ọjọ́ orí wọn kì í dọ́gba, àlàfo máa ń wà láàárín wọn, inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kẹ́rẹ́ pupa, ẹyẹ crested tit àti èèrà inú igbó ti ń rí ohun gbogbo tí wọ́n nílò.

Ọ̀nà kẹrin: gbíngbin igi ìbílẹ̀

Níbi tí kò bá sí igi kankan tó kù láti so irúgbìn, gbíngbin nìkan ló kù. Àfonífojì Carrifran ní gúúsù Scotland nìyẹn. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ títí igi díẹ̀ péré fi ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ Borders Forest Trust bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2000, láti inú irúgbìn tí wọ́n ṣà nínú àwọn igbó àtijọ́ tó wà nítòsí, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Igi tí wọ́n ti gbìn ju 600,000 lọ. Ẹyẹ inú igbó ti rọ́pò ẹyẹ orí pápá níbẹ̀, ní ìran kan ṣoṣo ènìyàn.

Ohun tó wọ́n nínú rẹ̀ hàn gbangba: ọmọ igi 1,600 ni wọ́n sábà máa ń gbìn sí hẹ́kítà kan, ìyẹn mítà 2.5 síra, ẹ ó sì ra wáyà tàbí ike ìdáàbòbò lé e. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan pọ́n-ùn ni yóò jẹ́ fún hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìrànwọ́ ìjọba wà. Ọ̀dá lè pa wọ́n, eku lè jẹ wọ́n. Àrùn tún lè bá ọmọ igi tí wọ́n rà láti òkèèrè wọlé, bí àrùn igi ash tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Britain ní 2012. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí irúgbìn ti wá kí ẹ tó sanwó. Kábọ́ọ̀nù tí ọmọ igi ń gbà ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò tó nǹkan, bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ túlẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín, ó lè kọ́kọ́ jẹ́ gbèsè. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ló yẹ ilẹ̀ tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí píìtì yín bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ tí kòtò sì wà níbẹ̀, ọ̀nà kìíní ni tiyín, kò sì yẹ kí ẹ dúró de ọdún tó ń bọ̀. Bí igi àjèjì bá wà lórí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé irà tó ṣì dára yí i ká, ẹ gba ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n bí oko igi náà bá dá wà tí irà mìíràn kò sì sí nítòsí, ẹ kọ́kọ́ ná owó yín síbòmíràn.

Onílẹ̀ tó ní òkè gbígbẹ, tí birch tàbí pine ṣì wà ní ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ti aládùúgbò, kó gbà kí igbó hù fúnra rẹ̀, kó fún un ní ọdún márùn-ún pẹ̀lú àgbọ̀nrín díẹ̀ kó tó ra ọmọ igi kan. Bí kò bá sí igi rárá, kó gbìn ín, bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, níbi tí òjìji yóò ti jẹ́ kí omi tutù fún ẹja salmon.

Ẹgbẹ́ àdúgbò sábà máa ń ní ilẹ̀ tó dàpọ̀. Àwọn ará Langholm, ìlú kékeré kan ní gúúsù Scotland, kó owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ tó lé ní 5,000 éékà ní £3.8 mílíọ̀nù ní 2021, wọ́n sì tún ra òmíràn tó tó bẹ́ẹ̀ ní 2022. Irà wà níbẹ̀, àfonífojì tó yẹ fún igi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò nílò láti yan ọ̀kan, ètò ló nílò: kí ó ya àwòrán ilẹ̀, kí ó dí kòtò lórí irà ná, kí ó dín àgbọ̀nrín kù fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, nítorí ẹsẹ̀ wọn ń ba sphagnum jẹ́ bí ẹnu wọn ti ń ba ọmọ igi jẹ́, kí gbíngbin sì kẹ́yìn, kí ó má sì sún mọ́ ibi tí ẹyẹ irà ń yé sí.

Ẹni tó ní owó láti fi tọrẹ, tí ojú ọjọ́ sì jẹ ẹ́ lọ́kàn jù, kó fi fún iṣẹ́ irà. Òun ni àwọn ènìyàn kì í sáré sí, nítorí kò sí igi tí wọn yóò fi orúkọ olùfúnni sí lára. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ni gbíngbin igi yẹ jù, pàápàá pẹ̀lú àwọn ọmọdé.

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ mú, ẹ wá ọ̀pá irin tín-ín-rín tó gùn, ẹ fi gún ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà síra káàkiri, bí àwọn Peatland ACTION ti ń ṣe, kí ẹ sì kọ ìjìnlẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ igi fún yín kí àwòrán náà tó pé.